Àjà Tí Akóredé Kàn

"Gbé e sókè díẹ̀ sí i, Káfíńtà. Mo ṣì ń rí ojú sánmà níbẹ̀."

Bàbá Julius ló ń sọ̀rọ̀. Ó dúró sáàárín yàrá ìgbẹ̀bí nínú ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wọn, ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ó na ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ sókè, ó ń fi ibi tí àjà ti lu han Akóredé. Akóredé wà lórí àkàbà. Ó fi orí ti pákó pẹlẹbẹ mọ́ òkè, ó há ìṣó sẹ́nu, òógùn ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú, kò sì lè dáhùn. Ó rọra ti pákó náà síwájú, ihò náà dí, yàrá sì ṣókùnkùn díẹ̀.

"Ó ti dáa báyìí," ni Bàbá Julius wí. "Kàn án mọ́ bẹ́ẹ̀."

Ká sòótọ́, àjà kọ́ ni àìsàn ilé náà. Páànù òkè ni ìpẹtà ti jẹ, tó lu bí asẹ́. Bí òjò bá ti ń rọ̀, inú yàrá náà ni omi ń gbà wá sílẹ̀. Akóredé ti sọ fún Bàbá Julius pé páànù ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀, pé pákó tí wọ́n ní kóun kàn yìí kò lè ṣe ju kó bo ojú ihò lọ. Bàbá Julius bi í pé èwo nínú àwọn ará káńsù ni yóò gorí òrùlé lọ wò ó. Ó ní kó ṣáà bò ó, kí àwọn kọ́kọ́ fi ibi tó dára pàdé àlejò.

Bàbá Julius ni olórí ẹgbẹ́ àwọn onílé. Èèyàn dáadáa ni, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó rẹ́ òun jẹ rí. Àmọ́ tó bá ti gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́. Àwọn àga tó wà ní pálọ̀ rẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára wọn dòní. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀, nítorí àlejò ni wọ́n ń tọ́jú wọn dè. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni káńsù wá ránṣẹ́ sí pé àwọn ń bọ̀ wá bá ará àdúgbò jíròrò lórí ọ̀rọ̀ ìlera. Wọ́n ní àwọn ti gba nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan tí yóò máa gbé nínú ilé ìwòsàn tọ̀sán-tòru, àwọn yóò sì yan ibi tó máa lọ nínú àwọn àdúgbò tí àwọn bá bẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yìí ló gbé Akóredé gorí àkàbà. Àdíját ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún, oṣù rẹ̀ sì ti ń pé lọ. Wọ́n ti bí Mùíz, ó ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé Mùíz kò dúró. Ọ̀sán gangan ni Àdíját rọbí nígbà náà, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì káńsù máa ń wá fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́. Wọ́n sáré dé ilé ìwòsàn yìí, àgádágodo ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wọ Márúwá, wọ́n forí lé ọ̀nà Ìgandò. Inú Márúwá náà ni ọmọ ti jáde, kò sì ké. Láti ìgbà náà, bí Akóredé bá ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń gbé ojú kúrò lára ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn náà.

Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ onílé ní kó wá bá àwọn ṣiṣẹ́, kò dá iye kankan lé wọn. Ayálégbé ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wá ń ṣe káfíńtà l'Ékòó. Wọn kì í pe irú rẹ̀ sí ìpàdé, iṣẹ́ ni wọ́n ń pè é sí. Ó tún ilẹ̀kùn ṣe, ó tún fèrèsé kàn. Pákó ìrókò kan wà tó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí wá, òun ló fi kan bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí. Ó fá a títí tó fi ń dán, ó rí i pé kò sí ibì kankan tó lè gún èèyàn lára. Bó ṣe ń fá a, Àdíját ló ń rò, pé orí rẹ̀ ni yóò dùbúlẹ̀ sí, nọ́ọ̀sì yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyókù, wọ́n yá a ni. Kẹ́mi tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò kó ọjà kúrò nínú fíríìjì rẹ̀, wọ́n gbé e wá kó lè dà bíi pé oògùn àjẹsára ni wọ́n ń kó sí i. Onímátírẹ́ẹ̀sì kan l'Íkòtún yọ̀ǹda mátírẹ́ẹ̀sì tuntun, àmọ́ ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ya ọ̀rá ara wọn, kóun lè rí wọn tà tí wọ́n bá dá wọn padà. Kọ́tìnnì wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, jẹnẹrétọ̀ wá láti mọ́ṣáláṣí, bẹ́ẹ̀dì irin sì wá láti ilé àwọn onílé. Gbogbo àdúgbò pawọ́ pọ̀, inú wọn sì ń dùn sí ara wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fìmọ̀ ṣọ̀kan ṣe nǹkan bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Akóredé mú Àdíját wá wò ó. Obìnrin náà fi ọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì ìrókò, ó wo kọ́tìnnì, ó wo òkè.

"Kò jọ ibi tí a wá lọ́jọ́ yẹn mọ́," ló sọ.

Akóredé rẹ́rìn-ín. Oríyìn ló pè é.

Lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n ta ìbòrí síwájú ilé ìwòsàn, wọ́n to àga sábẹ́ rẹ̀. Alága káńsù fúnra rẹ̀ kò rí àyè wá. Dókítà Fisáyọ̀, obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìlera ní káńsù, ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹrẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ bàtà rẹ̀ láti ibi tó ti ń bọ̀. Wọ́n gbàdúrà ti mùsùlùmí, wọ́n gbàdúrà ti onígbàgbọ́, wọ́n dárúkọ àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Julius wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ tó gùn débi pé dókítà náà fi ẹ̀rín bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun kọ́kọ́ wo inú ilé.

Wọ́n wọlé. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn, iná tàn gbòò. Dókítà ṣí fíríìjì Kẹ́mi, ó bá ìgò málítì kan ṣoṣo tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Bàbá Julius ní ti nọ́ọ̀sì tó ń wá fúnni lábẹ́rẹ́ ni, pé wọ́n máa ń tọ́jú rẹ̀ dè é. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó pa fíríìjì dé. Ó tẹ mátírẹ́ẹ̀sì wò, ọ̀rá ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó wá bi wọ́n bóyá nítorí ẹ̀jẹ̀ ni wọn kò ṣe ya á. Bàbá Julius ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ó ní kò sí èyí tó rọrùn láti nù bíi ti ọ̀rá. Akóredé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ dókítà ti gbé ojú sókè, ó ń wo àjà. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

"Àjà yín gan-an mọ́ tónítóní," ni dókítà sọ. Ẹni tó ń ya fọ́tò fún káńsù yà á.

Nígbà tí wọ́n padà sábẹ́ ìbòrí, dókítà dìde sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ó ní òun ti bẹ àdúgbò kan wò lọ́nà Ìdìmù láàárọ̀ ọjọ́ náà, orí ẹní nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń bímọ sí, omi òjò ni òun sì là kọjá kóun tó lè dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Kò sẹ́ni tó fún òun ní àga jókòó níbẹ̀, torí kò sí àga.

"Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi," ló sọ. "Kí n má parọ́ fún yín, ẹ̀yin ni mo ní lọ́kàn láti oṣù tó kọjá. Àmọ́ ẹ̀yin ti ran ara yín lọ́wọ́, mo sì fi ojú mi rí i. Ẹ jẹ́ kí n gbé e fún àwọn tí kò ní nǹkan kan. Tó bá yá, ẹ̀yin náà á rí tiyín gbà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àṣà wọn ni. Bí àlejò bá ti dákẹ́, àtẹ́wọ́ ló kàn. Ó tó ìgbà tí àtẹ́wọ́ náà ń rọlẹ̀ kí ohun tí wọ́n gbọ́ tó yé wọn, ni wọ́n bá ń wo ara wọn lójú. Bàbá Julius ṣì ń pàtẹ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́ bí ọwọ́ ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́.

Dókítà wá bèèrè káfíńtà tó kan bẹ́ẹ̀dì onígi tóun rí nínú ilé. Wọ́n ti Akóredé síwájú, wọ́n fi máìkì lé e lọ́wọ́. Òun tí wọn kì í pè sí ìpàdé, òun ni gbogbo àdúgbò wá ń wò lẹ́nu yìí. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ, kò tiẹ̀ gùn: ẹ padà wọlé, ẹ jẹ́ kí n yọ pákó kan lókè, kẹ́ ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo Bàbá Julius. Bàbá náà ń mi orí sí i, díẹ̀díẹ̀. Kò halẹ̀ mọ́ ọn o, ó ń bẹ̀ ẹ́ ni, pẹ̀lú ojú àgbàlagbà tí ìtìjú fẹ́ bá níwájú àlejò tó ti múra dè. Akóredé wo ẹ̀yìn, ó rí Àdíját tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn. Ó gbé máìkì sún mọ́ ẹnu.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ káńsù," ló sọ.

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Ọkọ̀ àwọn ará káńsù kò tíì jìnnà tí àwọn tó ni ẹrù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Kẹ́mi kọ́kọ́ gbé fíríìjì rẹ̀, ó ní ẹlẹ́rìndòdò tóun kó síta ti ń gbóná. Ọmọ iṣẹ́ onímátírẹ́ẹ̀sì dé, ó ń yẹ ọ̀rá wò bóyá ó ya níbì kan. Wọ́n ká kọ́tìnnì, wọ́n wọ́ bẹ́ẹ̀dì irin jáde, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó bínú. Bẹ́ẹ̀dì ìrókò nìkan ló kù nínú yàrá, nítorí kò sẹ́ni tí wọ́n fẹ́ dá a padà fún.

Bàbá Julius jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọ̀pá lé itan.

"Ohun tí mo rò ni pé, bí wọ́n bá rí i pé a ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bá wa parí ẹ̀ ni," ló sọ. Akóredé náà ti rò ó bẹ́ẹ̀.

Nílé, Àdíját gbé oúnjẹ fún un, kò bá a jà. Ì bá tiẹ̀ sàn fún Akóredé ká ní ó bá a jà. Ìgbà tó jẹun tán ló tó bi í.

"Bàbá Mùíz, kí lẹ ń dúpẹ́ fún?"

Akóredé bu omi mu, ó gbé ife sílẹ̀, ó tún gbé e. Ojú tì í ju bó ṣe tì í rí lọ.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó lọ sí káńsù. Kò sọ fún Bàbá Julius. Ó jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó ní kó wọlé. Dókítà Fisáyọ̀ dá a mọ̀, ó fún un lága, ó sì tún yin bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Akóredé ní kó jọ̀wọ́ má yìn ín. Ó ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un, ó sọ ti fíríìjì àti ti mátírẹ́ẹ̀sì, ó sọ ti páànù tó lu. Ọ̀rọ̀ àgádágodo àti Márúwá ló sọ kẹ́yìn.

Dókítà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó sì ṣí i.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ lánàá? Ẹ̀yin lẹ mú máìkì dání."

"Ojú ló tì wá, Dókítà. Àlejò wa lẹ jẹ́. Bàbá yẹn náà, bíi bàbá ló jẹ́ fún mi."

Dókítà kò bínú sí i, ìyẹn ló sì jẹ́ kọ́rọ̀ náà dun Akóredé jù. Ó ní láàárọ̀ yìí gan-an ni nọ́ọ̀sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí àdúgbò ọ̀nà Ìdìmù, pé àwọn obìnrin ibẹ̀ jáde wá pàdé rẹ̀, pé òun kò ní ojú tí òun á fi lọ mú un kúrò níwájú wọn. Ó ní fọ́tò ilé ìwòsàn Ìṣẹ̀rí ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá òun, wọ́n sì ti ń sọ pé kí àwọn àdúgbò tó kù wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀.

"Mo máa tún wá wo ibẹ̀," ló sọ. "Mi ò ní ránṣẹ́ ṣáájú mọ́. Ẹ bá mi sọ fún àwọn èèyàn yín pé kí wọ́n má bo nǹkan kan, kí n bá a bó ṣe rí gan-an."

"Ṣé ẹ máa wá kó tó di pé ìyàwó mi bímọ?"

Dókítà wò ó. Ó ní òun kò fẹ́ tàn án. Ó ní kí Àdíját lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù Ìgandò, kó má sì dúró de ìgbà tí ìrọbí bá le kó tó gbéra. Akóredé dúpẹ́. Ó mọ ọ̀nà Ìgandò dáadáa, ó mọ ibi tí ọmọ ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà náà.

Láti káńsù, ilé Bàbá Julius ló gbà lọ. Ó bá a ní pálọ̀ láàárín àwọn àga ọlọ́ràá, orí àpótí kékeré ni bàbá fúnra rẹ̀ jókòó sí. Akóredé kí i, ó sọ ibi tó ti ń bọ̀, ó sì ní kó fún òun ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìwòsàn, pé òun fẹ́ lọ yọ àwọn pákó àjà.

Bàbá Julius ní pákó ẹgbẹ́ ni, wọn kò lè yọ ọ́ láìṣe ìpàdé. Akóredé na ọwọ́ síwájú, ó ń dúró de kọ́kọ́rọ́. Bàbá náà tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ báyìí.

"Ká ní wọ́n dé lójijì, tí wọ́n bá a bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n á máa sọ nípa wa?"

"Wọ́n á sọ pé ó lu, Bàbá. Ó lu lóòótọ́."

Bàbá Julius wo ilẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò agbádá rẹ̀. Ó fa kọ́kọ́rọ́ náà yọ, ó gbé e lé apá àga tó wà níwájú rẹ̀, orí ọ̀rá, ó sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí Akóredé lè mú un.

Akóredé yà sílé, ó gbé àkàbà àti òòlù rẹ̀, ó lọ sí ilé ìwòsàn. Àdíját tẹ̀ lé e. Ó ní kó dúró sílé, obìnrin náà kò gbà. Akóredé wọ́ bẹ́ẹ̀dì ìrókò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí nǹkan má baà já lù ú, Àdíját sì rọra jókòó sórí rẹ̀, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó máa lò ó. Akóredé gun òkè. Ìṣó tó fi agbára gbá wọlé kò fẹ́ jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, ó sì ń jìyà rẹ̀. Bí ó bá ti fa ọ̀kan yọ, á bẹ̀rẹ̀, á nà án sí ìyàwó rẹ̀, Àdíját á gbà á, á sọ ọ́ sínú ìró tó ká sórí itan lábẹ́ ikùn.

Pákó àkọ́kọ́ wálẹ̀. Oòrùn gba inú páànù wọlé, ó ṣe tótòtó sí ilẹ̀, sí ògiri, sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Pákó kejì wálẹ̀. Òjò ti ṣú díẹ̀ lápá ibi tí Àyọ̀bọ̀ wà, afẹ́fẹ́ tútù sì ń bọ̀ láti inú ihò náà. Kò sí ẹni tó ń bọ̀ wá wò wọ́n lọ́jọ́ náà. Ó ṣeé ṣe kó má sẹ́ni tó máa wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ọmọ dé ṣáájú gbogbo wọn, àwọn méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Akóredé sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká àkàbà.

"Ẹ ti gbàgbé ọ̀kan," ni Àdíját sọ. Ó na ọwọ́ sí òkè ẹnu ọ̀nà. "Ìyẹn ṣì bo ihò."

Akóredé tún àkàbà náà nà.